Ilẹ̀ Tí Hamidat Fi Bírò Bùn Wọ́n

Ìwé ló dá ìjà yìí sílẹ̀, kì í ṣe ilẹ̀. Láti ayé Yahya, bàbá àgbà Fàsásì, ni ìdílé wọn ti ń dáko kòkó lórí ilẹ̀ ìdílé Boniface ní Afo. Bí iṣu tuntun bá dé, wọn a ru díẹ̀ lọ fún onílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìṣákọ́lẹ̀, onílẹ̀ a ṣàdúrà fún wọn, ó parí. Kò sẹ́ni tó bínú sí i. Àfi ìgbà tí Hamidat, ọmọ àbúrò Fàsásì, kọ ìwé ìtàn nípa Yahya, tí Fàsásì kà á tán, tó ní òun ò ru iṣu fún ẹnikẹ́ni mọ́.

"Wọ́n ta wá lọ́rẹ ni!" Fàsásì, tó ń ṣe iṣẹ́ káfíńtà l'Ọ̀wọ̀, ń pariwo ní ìsọ̀ rẹ̀, ó ń fi ìwé lu tábìlì. "Ó wà níbí, wọ́n tẹ̀ ẹ́!"

Ẹ wá wo ọ̀ràn! Hamidat mọ iṣẹ́ rẹ̀, kì í sì í fi ìtìjú ṣe é. Àwọn àgbà sọ fún un pé Yahya dé Afo pẹ̀lú àdá kan àti aṣọ ọrùn rẹ̀. Ó kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Bí Yahya ṣe rí ilẹ̀ gbà lọ́wọ́ Dùnsìn, bàbá àgbà Boniface, kò sẹ́ni tó mọ̀. Ibi tí àgbà bá ti dákẹ́, ibẹ̀ ni ti Hamidat ti ń bẹ̀rẹ̀. Ó ní kí òjò rọ̀, ó ní kí Yahya sá sábẹ́ òrùlé Dùnsìn, ó ní kí Dùnsìn bu erùpẹ̀ sí i lọ́wọ́ pé, "Gbà, tìẹ ni, ti ọmọ rẹ ni." Iṣu ńkọ́? Nínú gbogbo ohun tó mọ̀, iṣu nìkan ló yọ kúrò. Ta ló fẹ́ máa gbọ́ ọ̀rọ̀ iṣu lẹ́yìn irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀? Ojú ìwé yẹn ni gbogbo ènìyàn fẹ́ràn jù. Wọ́n sì kọ ọ́ gàdàgbà sẹ́yìn ìwé pé ìtàn àròsọ ni, ṣùgbọ́n ẹni tó ń wá ilẹ̀, ṣé ẹ̀yìn ìwé ló máa kà?

Nígbà tí Boniface retí iṣu títí tí kò rí i, ó gbé ọ̀rọ̀ lọ sọ́dọ̀ àwọn àgbà Afo. Ibi tó ti le nìyí o: ẹni tó ń jẹ lórí ilẹ̀ onílẹ̀, tó wá lanu pé tòun ni, bí ọ̀rọ̀ náà ò bá jẹ́ òótọ́, ilẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn, tòun ti kòkó orí rẹ̀. Bí Hamidat bá dákẹ́, ìdílé Boniface pàdánù ilẹ̀ bàbá wọn. Bó bá sọ̀rọ̀, Fàsásì tó tọ́ ọ dàgbà lẹ́yìn ikú bàbá rẹ̀ pàdánù oko. Adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ.

Nínú mọ́tò tó ń gbé wọn lọ sí Afo láàárọ̀ ọjọ́ ìpàdé, Fàsásì tẹ̀ sí etí Hamidat. "Bí wọ́n bá bi ọ́, bẹ́ẹ̀ ni ni kó o sọ."

"Bàbá, mi ò ní purọ́ níbẹ̀ o."

"Hẹn-ẹn! Kí lo kọ sínú ìwé? Ṣé irọ́ kọ́ ni?"

"Àròsọ ni, Bàbá. Gbogbo ẹni tó rà á ló mọ̀ pé mò ń rò ó. Àwọn àgbà Afo ò mọ̀."

Fàsásì fi èdè Ọ̀wọ̀ bú u, ó yíjú sójú fèrèsé. Ó dun Hamidat. Àmọ́ kò yí ohun tó sọ padà.

Ní Afo, Fàsásì ka ojú ìwé náà sókè ketekete, ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n níbi tí erùpẹ̀ ti kan ọwọ́ Yahya. Ó wo àwọn àgbà, ó ní, "Bàbá mi gan-an mú mi débẹ̀, ó fi hàn mí." Wallahi, ó dá a lójú! Òjò tí Hamidat dá ní èṣí ti rọ̀ wọnú orí ọkùnrin náà, ó ti di ohun tó fojú ara rẹ̀ rí. Àwọn àgbà ń mi orí. Boniface gbé ẹ̀dà ìwé kan náà tirẹ̀ lé orí itan.

"Ọmọ tó kọ ọ́ ńkọ́?" ni olórí wọn béèrè.

Hamidat kúnlẹ̀. "Ẹ̀yin bàbá mi, òjò yẹn, èmi ni mo ní kó rọ̀. Erùpẹ̀ yẹn, èmi ni mo bù ú. Yahya jẹ́ òótọ́, Dùnsìn jẹ́ òótọ́, iṣu náà jẹ́ òótọ́, èmi ni mo yọ ọ́. Mo gbádùn rẹ̀ nígbà tí mò ń kọ ọ́, mo sì tún máa kọ òmíràn. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun tí a fi ń gba ilẹ̀ onílẹ̀. Bàbá mi ò purọ́ fún yín. Iṣẹ́ ọwọ́ mi ló gbà gbọ́, torí mo ṣe é dáadáa."

"Ọmọ yìí pa mí o!" Fàsásì dìde, ó tún jókòó.

Àgbà kan ní kò sí àríyànjiyàn mọ́, Fàsásì ti sẹ́ onílẹ̀, kó kúrò lórí ilẹ̀ náà. Ni Boniface bá nàró.

"Ẹ dúró ná. Ẹ̀yin náà ṣá gbọ́ irú ẹni tí Dùnsìn jẹ́."

Wọ́n ń wo ilẹ̀. Wọ́n gbọ́.

"Ahun pọ́ńbélé! Ẹni tí ń ka ata sínú ọbẹ̀ ìyàwó rẹ̀. Kò sí ẹnì kan nílé wa tó gbà kí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ ọmọ òun. Ìwé yìí dé, àwọn ọmọ mi ka ojú ìwé yẹn, wọ́n tún un kà. Nígbà tí aya ọmọ mi bímọ láìpẹ́ yìí, Dùnsìn ni wọ́n sọ ọ́, tayọ̀tayọ̀." Ó yíjú sí Hamidat. "Iṣu mi ni mo wá gbà. N kò wá gba bàbá àgbà yẹn kúrò lọ́wọ́ àwọn ọmọ mi. Kí Fàsásì máa dáko rẹ̀ lọ. Bó o bá tún máa tẹ̀ ẹ́, má fọwọ́ kan ojú ìwé yẹn."

"Mi ò ní fọwọ́ kàn án, Bàbá," ni Hamidat wí. "Ṣùgbọ́n iṣu máa wà lójú ìwé tó tẹ̀ lé e."

Fàsásì yíjú sí onílẹ̀ rẹ̀. "Boniface, ẹ ṣeun. Ti ọdún yìí ni kí n rù wá, àbí tòun ti èyí tí mo jẹ sílẹ̀ ní èṣí?"

Boniface ti ń lọ sí ẹnu ọ̀nà. Ó dúró.

"Méjèèjì," ló wí. "Ọmọ ọmọ Dùnsìn ni mí."