Ẹjọ́ Fẹ̀yìntọlá àti Ọ̀gá Kíákíá

Láti kékeré ni Fẹ̀yìntọlá ti mọ ìwà ilẹ̀. Kànga ni Ògúnbáyọ̀ bàbá rẹ̀ ń gbẹ́ káàkiri Ìwó, Kuta àti Ilé-Ogbó, nígbà tí ọmọbìnrin náà sì dàgbà tó ẹni tó lè di okùn mú, òun ló ń fa agbọ̀n erùpẹ̀ sókè. Bàbá rẹ̀ kì í wọ inú kànga láìjẹ́ pé ó kọ́kọ́ fi ọwọ́ pa etí kànga náà yíká. Ó máa ń wí pé, "Ilẹ̀ kì í ṣàdédé wó. Ó máa ń la ẹnu kó tó gbé èèyàn mì. Ẹni tí kò wò ó ló ń pè é ní òjijì."

Nígbà tí òyìnbó ń la ọ̀nà rélùwéè gba ilẹ̀ Ìwó lọ sí Òṣogbo, Gàníyù, ọkọ Fẹ̀yìntọlá, gba iṣẹ́ ilẹ̀ wíwà. Òkè kan wà lẹ́yìn ìlú tí ọ̀nà náà gbọ́dọ̀ là já, agbaṣẹ́ṣe kan láti Èkó ni wọ́n sì gbé iṣẹ́ ibẹ̀ fún. "Kíákíá! Kíákíá!" ni ọkùnrin yìí ń pariwo láti òwúrọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, làwọn òṣìṣẹ́ bá sọ ọ́ ní Ọ̀gá Kíákíá. Dípò kó jẹ́ kí wọ́n máa bu ilẹ̀ láti òkè wá sísàlẹ̀, ìdí òkè ló ní kí wọ́n máa gbẹ́ wọnú, kí ti òkè lè máa wó fúnra rẹ̀. Iṣẹ́ yá lóòótọ́. Ṣùgbọ́n abẹ́ ilẹ̀ tí kò ní òpó ni àwọn ọmọ ọlọ́mọ ń dúró sí.

Lọ́jọ́ kan tí òjò ńlá ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, Fẹ̀yìntọlá gbé oúnjẹ lọ fún ọkọ rẹ̀. Orí òkè ló gbà, ibẹ̀ ló sì ti rí i pé ilẹ̀ ti sán. Ojú ibi tó sán náà gùn tó ọ̀pá mẹ́wàá. Ó ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, ọwọ́ rẹ̀ wọlé dé ìgúnpá. Kò tilẹ̀ sọ igbá oúnjẹ kalẹ̀ tó fi lọ kúnlẹ̀ níwájú Ọ̀gá Kíákíá lábẹ́ igi tó jókòó sí.

"Ẹ kú iṣẹ́, Ọ̀gá. Ilẹ̀ òkè yẹn ti la ẹnu. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kó àwọn èèyàn kúrò lábẹ́ rẹ̀."

Mùkáílà, olórí àwọn awalẹ̀, wà nítòsí. Ó ní, "Ọ̀gá, mo sọ ọ́ fún yín lánàá."

Ọ̀gá Kíákíá rẹ́rìn-ín. "Ìwọ obìnrin yìí, ìwọ ni ẹnjiníà? Ẹni tí ẹ̀rù bá ń bà, kó máa lọ sílé. Àwọn tó ń wáṣẹ́ pọ̀."

Fẹ̀yìntọlá bẹ ọkọ rẹ̀ títí kó bá òun lọ. Gàníyù ní kí òun parí iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ yẹn ná. Lọ́jọ́ kejì, kí oòrùn tó kan àtàrí, ilẹ̀ náà wó. Nígbà tí wọ́n fi máa hú Gàníyù àti àwọn awalẹ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ méjì, Yẹ̀kínì àti Oyèlẹ́yẹ, jáde, kò sí èyí tó mí nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ọjọ́ kẹta òkú, Ọ̀gá Kíákíá fi àgbò kan àti aṣọ funfun ránṣẹ́. Ìránṣẹ́ rẹ̀ ní, "Ọ̀gá ní kí ẹ mú ọkàn le. Àmúwá Ọlọ́run ni."

Nàfísátù, ìyá Gàníyù, ti nawọ́ gba okùn àgbò kí Fẹ̀yìntọlá tó sọ̀rọ̀.

"Ìyá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbà á. Bí a bá jẹ ẹran yìí, a ti jẹ́rìí pé Ọlọ́run ló pa ọmọ yín. Ọlọ́run kọ́ ló ní kí wọ́n gbẹ́ ìdí òkè."

Ìyá àgbà wo ojú rẹ̀. Ó jọ̀wọ́ okùn náà. Ó ní kí ìránṣẹ́ máa fa ẹran rẹ̀ lọ.

Inú tákàbà ni Fẹ̀yìntọlá wà, opó kì í sì í jáde. Ó ránṣẹ́ bi àlùfáà àdúgbò, àlùfáà sì fèsì pé ẹni tó ń wá ẹ̀tọ́ òkú lè jáde lọ́sàn-án, kó ṣáà ti wọlé kí oòrùn tó wọ̀. Ilé Mùkáílà ló kọ́kọ́ yà.

Mùkáílà ní, "Bí mo bá sọ̀rọ̀, iṣẹ́ mi lọ nìyẹn. Ọmọ mẹ́fà ni mò ń bọ́."

"Mi ò ní kí ẹ parọ́ fún mi. Ohun tí ẹ sọ níṣojú mi lọ́jọ́ yẹn ni kí ẹ tún sọ."

Mùkáílà kọjú sí ògiri. Fẹ̀yìntọlá dìde, ó lọ bá àwọn ìjòyè.

Àwọn ìjòyè dá ọjọ́ ẹjọ́. Ajẹ́lẹ̀ òyìnbó tó ń bẹ àgbègbè náà wò bá wọn jókòó. Ọ̀gá Kíákíá, tó wọ kóòtù dúdú, dìde, ó ní, "Òjò ló rọ̀. Ta ló lè bá Ọlọ́run jà?" Ògbufọ̀ túmọ̀ rẹ̀, ajẹ́lẹ̀ mi orí bí ẹni pé ọ̀rọ̀ náà tọ́. Síbẹ̀ Fẹ̀yìntọlá kúnlẹ̀.

"Ẹ̀yin bàbá, ọ̀rọ̀ mi ò pọ̀. Ẹ jẹ́ ká lọ síbẹ̀."

Wọ́n lọ. Wọ́n ti gbẹ́ ìdí òkè náà lápá kejì pẹ̀lú, òkè orí rẹ̀ sì ti sán bíi ti àkọ́kọ́. Fẹ̀yìntọlá ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ lójú gbogbo wọn. Lẹ́yìn náà ó kọjú sí agbaṣẹ́ṣe.

"Ọ̀gá, bó bá jẹ́ àmúwá Ọlọ́run ni, tí kì í ṣe ọwọ́ yín, ẹ sọ̀kalẹ̀. Ẹ dúró sábẹ́ ibẹ̀ yẹn bí ẹ ṣe ní kí ọkọ mi dúró. Kí n ka ení dé ẹ̀wá péré, kí ẹ máa bọ̀."

Ọ̀gá Kíákíá wo ìsàlẹ̀, ó wo òkè, ó gbé ẹsẹ̀ kan, ó sì dá a padà.

Ibẹ̀ ni Mùkáílà ti jáde láàárín èrò, ó dọ̀bálẹ̀. "Ẹ̀ẹ̀mejì la kìlọ̀ fún wọn. Èmi kìlọ̀, obìnrin yìí kìlọ̀. Wọn ò gbọ́." Àwọn awalẹ̀ tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ju díígà wọn sílẹ̀, wọ́n ń pariwo pé, "Bẹ́ẹ̀ ló rí! Bẹ́ẹ̀ ló rí!"

Ajẹ́lẹ̀ kò dúró de ògbufọ̀ mọ́. Ẹsẹ̀ tó kọ̀ tí kò sọ̀kalẹ̀ ti jẹ́wọ́.

Wọ́n gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ Ọ̀gá Kíákíá. Wọ́n ní yóò máa bọ́ ọmọ àwọn òkú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta títí wọn yóò fi dàgbà, yóò sì fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tó ṣe níwájú ìlú. Èyí tó gbẹ̀yìn yìí ló dùn ún jù. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú Nàfísátù, erùpẹ̀ pupa yí kóòtù rẹ̀. "Ìyá, ọwọ́ mi ló ṣe é. Wọ́n sọ fún mi, mi ò gbà."

"Mo gbọ́," ni ìyá àgbà wí. "Dìde."

Nígbà tí wọ́n ń padà sílé, àwọn ará ìlú tò sí ẹ̀bá ọ̀nà. Nàfísátù di ọwọ́ Fẹ̀yìntọlá mú, ó gbé orí sókè, ó sì ń sọ fún gbogbo ẹni tí wọ́n bá pàdé pé, "Aya ọmọ mi rèé. Òun ló fi ọ̀rọ̀ la òkè já." Ìgbà yẹn ni omi ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ lójú Fẹ̀yìntọlá, láti ọjọ́ tí wọ́n ti sin ọkọ rẹ̀. Kò nù ún. Oòrùn kò tíì wọ̀ tó fi wọ yàrá tákàbà rẹ̀ lọ.

Agbaṣẹ́ṣe tuntun ń bu ilẹ̀ láti òkè wá. Ó fi olùṣọ́ sórí òkè, kó máa fun ìwo bí ilẹ̀ bá sán. Ògúnbáyọ̀ ló kọ́kọ́ lọ bá pé kó wá bá òun wo ilẹ̀ náà. Bàbá arúgbó náà rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, "Ọmọ mi ni kí ẹ lọ bi."