Ìlà Mẹ́fà Tí Oyèbọ́lá Pa Rẹ́

Ìmọ́lẹ̀ayọ̀ ò tíì jẹun tán nílé rẹ̀ ní Ìjàpọ̀, ní Àkúrẹ́, tí Alàgbà Akínkúnmi fi pè é láti Oǹdó. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbẹ kòkó ti kú, kòkó ti ń bu.

"Wá tú pańpẹ́ tóo dẹ síbẹ̀," ni bàbá wí.

Pańpẹ́ kẹ̀? Ìmọ́lẹ̀ayọ̀ tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ àṣẹ kọ̀ǹpútà tó ń darí ẹ̀rọ náà!

Ó dé Oǹdó kó tó mọ ẹni tó ba orúkọ òun jẹ́. Oyèbọ́lá ni, ọ̀rẹ́ tí wọ́n jọ gbé yàrá kan náà nílé ìwé, tí Ìmọ́lẹ̀ayọ̀ fọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ níṣẹ́. Inú ilé laṣeni ń gbé! Ó ti sọ fún bàbá pé pańpẹ́ ni ìlà mẹ́fà tó bẹ̀rẹ̀ àṣẹ náà, kí wọ́n má baà lè lo ẹ̀rọ náà láìsí Ìmọ́lẹ̀ayọ̀. Ó pa wọ́n rẹ́, bàbá sì gbé iṣẹ́ fún un.

Irọ́ burúkú! Yàrá méjì ni kọ̀ǹpútà ń pín nọ́ńbà ooru sí. Àwọn kọ̀ǹpútà kan ń fi apá kékeré nọ́ńbà náà ṣíwájú, àwọn kan ń fi apá ńlá. Ìlà mẹ́fà yẹn á kọ 1 síbẹ̀, á yọjú wo yàrá àkọ́kọ́. Bó bá bá 1, kékeré ló ṣíwájú. Bó bá bá òdo, ńlá ni. Ìgbà yẹn ló tó mọ bó ṣe máa ka ooru. Kọ̀ǹpútà tuntun tí Oyèbọ́lá fi dán an wò ní Àkúrẹ́ ń fi kékeré ṣíwájú, bíi irin tó ń wọn ooru gan-an, nǹkan kan ò ṣe é. Ògbólógbòó ti Oǹdó ńkọ́? Ńlá ló ń fi ṣíwájú! Ooru 60 di 15360 lójú rẹ̀, ó rò pé ooru ti pọ̀ jù, ló bá pa iná.

Ìmọ́lẹ̀ayọ̀ ṣàlàyé títí ẹnu fi ro ó. Nígbà tó sú u, ó jókòó, ó dá ìlà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà padà. 60 yọ, iná ràn. Ó mí kanlẹ̀. Ó rò pé orúkọ òun ti mọ́.

Alàgbà yíjú sí Oyèbọ́lá tó dúró tì í. "O ò purọ́, ọmọ mi. Ẹni tó dẹ pańpẹ́ ló mọ bí wọ́n ṣe ń tú u."

Ọ̀rọ̀ náà gún Ìmọ́lẹ̀ayọ̀ láyà. "Bọ́lá, ìwọ náà rí 15360 yẹn. O mọ ohun tó fà á. Jọ̀ọ́, sọ fún wọn."

Oyèbọ́lá kúnlẹ̀ díẹ̀, bí ẹni ń kí àlejò.

"Ẹ ṣeun, ma," ló wí. "Bí a bá tún nílò yín, a ó pè yín."