Ẹ̀gbọ́n Ni Kó Gbé Awakọ̀

Ọjọ́ mẹ́fà péré ló kù tí wọ́n máa tọrọ Abọ́sẹ̀dé fún Ọláníyan, ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ Ọláníyan sì fì sápá kan bí ẹni tí etí ń dùn.

Ẹ lè ní kí ló kan ọkọ̀ kan ọ̀rọ̀ ìyàwó. Ó kàn án dáadáa. Ìyá àgbà tó tọ́ Abọ́sẹ̀dé dàgbà ń gbé ní Alájùé, òun nìkan ló sì lẹ́nu láti fi ọmọ náà fọ́kọ. Orúnkún ìyá ò ṣe é tẹ̀ dáadáa mọ́. Lọ́jọ́ tí Ọláníyan kọ́kọ́ gbé ọkọ̀ lọ kí i, ìyá gbé ẹsẹ̀ títí, ẹsẹ̀ ò dé inú ọkọ̀. Ó padà sórí àpótí rẹ̀, ó jókòó.

“Tíṣà,” ó ní, “mo fẹ́ràn rẹ, ṣùgbọ́n èmi ò gun òkè mọ́. Bó o bá fẹ́ kí n wá fún ọ lọ́mọ l’Ẹ́dẹ, wá ọkọ̀ tí mo lè jókòó sí bí mo ṣe ń jókòó sórí àpótí yìí. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kí kálukú máa gbé ilé ẹ̀.”

Ọdún 1958 la wà yìí, owó tíṣà ò sì lè ra ọkọ̀ méjì. Èyí tó ní yẹn gan-an, òyìnbó kan tó ń padà sílùú rẹ̀ ló tà á fún un, lẹ́yìn tó ti lò ó títí tí ọkọ̀ fi gbàgbé àwọ̀ tí wọ́n bí i mọ́. Ọláníyan pinnu pé òun á rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Ọlọ́gbọ́n èèyàn ni. Ìyọnu rẹ̀ ni pé ó mọ̀ pé òun gbọ́n.

Rírẹ ẹ̀yìn ọkọ̀ sílẹ̀ ò le. Sípíríǹgì iwájú, irin méjì tó ká bí ejò tó ń sùn, ni wọ́n gbé lọ bá Àtàndá alágbẹ̀dẹ. Àtàndá gé wọn kúrú, ó dáná sí wọn, ó sì ṣe ọ̀kan kó le ju èkejì lọ, torí pé Ọláníyan sanra, bátìrì náà sì wà lápá ọ̀tún tí awakọ̀ ń jókòó sí. Lójú lásán, bákan náà ni méjèèjì rí.

“Ẹ wò ó, Tíṣà,” Àtàndá ní, “ìbejì ni wọ́n, ṣùgbọ́n èyí tó le yìí ni ẹ̀gbọ́n. Ẹ̀gbọ́n ni kó gbé awakọ̀ o. Ẹ má pà wọ́n dà.”

Ọláníyan yọ ṣọ́ọ̀kì lápò, kó má baà gbàgbé. Ó kọ Táíwò sára ẹ̀gbọ́n, ó kọ Kẹ́hìndé sára àbúrò. Mo mọ̀ pé ẹ ti ń mi orí. Ẹ jẹ́ kó ṣì máa mì bẹ́ẹ̀.

Ó gbé wọn dé ọ̀dọ̀ Ràṣídì mẹkáníìkì, lójú títì tó lọ sí Sẹ̀kọ̀nà. “Ọ̀gá Ràṣídì, Táíwò àti Kẹ́hìndé rèé. Ẹ̀gbọ́n ni kẹ́ ẹ fi sọ́dọ̀ awakọ̀.”

“Ó yé mi, Tíṣà.”

Ó yé e lóòótọ́. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀.

Lọ́jọ́ Ajé, nígbà tí wọ́n yọ jáàkì, ọkọ̀ wálẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, àmọ́ apá ọ̀tún wálẹ̀ ju tòsì lọ. Ọláníyan fi rúlà gígùn ilé ìwé wọ̀n ọ́n, láti ilẹ̀ dé etí irin tó bo táyà. Ọ̀tún jẹ́ ínǹṣì mẹ́rìnlélógún, òsì jẹ́ mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Ó tún wọ̀n ọ́n, rúlà ò yí ohùn padà. Apá òsì yìí sì ni ìyá máa gbà wọlé.

“Ilẹ̀ ibí ni ò tẹ́jú,” Ràṣídì ní. Wọ́n ti ọkọ̀ lọ síwájú ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì tẹ́. Ó fì sọ́tùn-ún níbẹ̀ náà, lójú Ọlọ́run.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, wọ́n ní bóyá afẹ́fẹ́ táyà ọ̀tún ló dín. Wọ́n fẹ́ ẹ títí tó fi ń dún bí ìkòkò, ọkọ̀ ò tún ara mú. Lọ́jọ́rú, wọ́n ní bóyá ẹrù ló wà nínú bùútù. Wọ́n ṣí i, wọ́n bá odidi ọlọ kan tí ìyá Ọláníyan ti ní kó bá òun gbé láti ọdún tó kọjá. Wọ́n gbé ọlọ sọ̀ kalẹ̀. Ọkọ̀ gbé ìdí sókè díẹ̀, ó sì ń fì sọ́tùn-ún lọ ní tiẹ̀.

“Sípíríǹgì tuntun máa ń fẹ́ kí ara rẹ̀ rọlẹ̀ ni,” Ràṣídì ní lọ́jọ́ kejì. “Ẹ wà á jìnnà díẹ̀.”

Ọláníyan wà á dé ìlú Ara, ó wà á padà. Àwọn obìnrin tó ń sá ẹ̀gẹ́ lẹ́bàá ọ̀nà na ìka sí i. “Ẹ wo ọkọ̀ Tíṣà, ó ń yíìká kí wa! Ọkọ̀ ọkùnrin tó yẹ kó dọ̀bálẹ̀, ìgbọ̀nwọ́ kan ló fi ń kí èèyàn bí ìyàwó!” Ọláníyan rẹ́rìn-ín músẹ́, àmọ́ inú rẹ̀ bàjẹ́ gidigidi. Ọ̀la ni Jímọ̀, ọ̀túnla ni ìtọrọ. Bí ìyá bá kọ̀ láti wọkọ̀, Abọ́sẹ̀dé ò sí fún un nìyẹn.

Bí Ràṣídì ṣe kírun Jímọ̀ dé, Ọláníyan ní kó tú gbogbo rẹ̀. Wọ́n tẹ́ sípíríǹgì méjèèjì sórí àpò.

“Èwo lẹ fi sọ́dọ̀ awakọ̀?”

“Ẹ̀gbọ́n ni, bẹ́ ẹ ṣe wí.”

“Èwo ni ẹ̀gbọ́n?”

Ràṣídì wò ó bí ẹni tí wọ́n ní kó wá sọ orúkọ ara rẹ̀. “Kẹ́hìndé ni, Tíṣà.”

“Táíwò ni! Ẹni tó kọ́kọ́ dé ni àgbà. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ń kọ ọ́ sínú ìwé orúkọ nílé ìwé!”

Ràṣídì rọra gbé sípánà sílẹ̀. “Ta ló rán Táíwò pé kó lọ tọ́ ayé wò?”

“Ìyẹn ò...”

“Ẹ̀gbọ́n ni wọ́n ń rán níṣẹ́ ni, àbí àbúrò? Èmi tẹ́ ẹ̀ ń wò yìí, Kẹ́hìndé ni mí. Táíwò mi wà n’Íwòó, ó ti lé lógójì ọdún, títí dòní ni mo ń rán an níṣẹ́, kò sì kọ̀ fún mi rí.”

Àlàyé mẹ́rin wà lẹ́nu Ọláníyan, gbogbo rẹ̀ ló sì bá ìwé mu. Ó rántí Abọ́sẹ̀dé, ó gbé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin mì.

“Kẹ́hìndé ni ẹ̀gbọ́n,” ó ní wúyẹ́wúyẹ́.

“Mi ò gbọ́.”

“Mo ní Kẹ́hìndé ni ẹ̀gbọ́n! Èmi ni mo kọ ọ́ sódì!”

Ràṣídì pààrọ̀ wọn. Rúlà sọ ínǹṣì mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n lọ́tùn-ún, ó sọ mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n lósì. Ọláníyan fẹ́rẹ̀ẹ́ fẹnu ko táyà lẹ́nu.

Lọ́jọ́ Sátidé, ó gbé ọkọ̀ dé Alájùé. Ìyá kọ̀yìn sí ọkọ̀, ó tẹ̀ sẹ́yìn díẹ̀, ìdí rẹ̀ bá àga láìjẹ́ pé ó wá a. Inú ìyá dùn débi pé orin ló ń kọ títí wọ́n fi dé ilé àwọn ẹbí Abọ́sẹ̀dé l’Ẹ́dẹ.

Wọ́n ṣílẹ̀kùn. Ìyá fẹsẹ̀ kanlẹ̀, ó gbìyànjú láti dìde, ìdí ò kúrò lórí àga. Ó tún gbìyànjú. Ọkọ̀ ti wálẹ̀ débi pé orúnkún ìyá ga ju ìbàdí rẹ̀ lọ. Odidi oṣù kan ni Ọláníyan fi ro bí ìyá ṣe máa wọlé, kò ro bó ṣe máa jáde rí. Ojú tì í, omi sì dé sí i lójú níwájú gbogbo àna.

“Ẹ jẹ́ ká ránṣẹ́ sí Ràṣídì kó gbé jáàkì wá,” Bàbá Jacob, ẹ̀gbọ́n bàbá Abọ́sẹ̀dé, dábàá.

“Jáàkì?” ìyá ní. “Ṣé táyà ni mí ni? Ta ló tiẹ̀ sọ fún yín pé mo fẹ́ dìde? Ẹ kó ẹní yín wá síbí.”

Wọ́n kó ẹní wá. Àwọn àgbà jókòó yí ọkọ̀ ká, wọ́n gbé obì àti oyin sórí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Nígbà tó kan Ọláníyan, ó nà gbalaja sínú iyanrìn lẹ́nu ilẹ̀kùn ọkọ̀, pẹ̀lú agbádá tuntun. Ìyá tí kò lè bẹ̀rẹ̀ láti ọdún mẹ́ta na ọwọ́ lásán, ọwọ́ rẹ̀ sì bà lé orí Ọláníyan pátápátá.

“Ọkọ tó bá rẹ ọkọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ nítorí orúnkún mi,” ìyá ní, “á lè rẹ ara rẹ̀ sílẹ̀ fún ọmọ mi. Mo fún ọ. Máa mú un lọ.”

Ọláníyan la ẹnu pé kóun dúpẹ́, iyanrìn sì kún un.