Ìṣẹ́tí Ọmọ Tó Ń Dàgbà

Agogo oúnjẹ ọ̀sán dún nílé àwọn ọmọ òrukàn náà, àwọn ọmọ sì ya wọ yàrá ìjẹun bí omi tó já odi, abọ́ ń kan abọ́, ìgbọ̀nwọ́ ń gún ìhà. Láàrin gìrìgìrì yìí ni ojú Aránṣọ àti ojú Alágbàfọ̀ ṣe mẹ́rin lẹ́nu ọ̀nà. Àyà Aránṣọ lù kìkì bíi tẹni tó rí àyànfẹ́ rẹ̀. Kì í ṣe ìfẹ́ ló fà á o. Aṣọ tó rán parí láàárọ̀ ló rí lọ́wọ́ obìnrin náà, tó ń fi abẹ tú u.

Aránṣọ àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wá láti òkè òkun láti ránṣọ fáwọn ọmọ náà lọ́fẹ̀ẹ́. Nílùú tirẹ̀, aṣọ tó bá rán kì í ṣò, kì í fún. Á lẹ̀ mọ́ni bí èèpo ọsàn. Gbogbo ìṣẹ́tí ló gé kúrú. Ta wá lẹni tó ń tú iṣẹ́ oníṣẹ́?

Kò gbọ́ èdè Alágbàfọ̀, Alágbàfọ̀ ò gbọ́ tirẹ̀, ṣùgbọ́n ìjà kì í wá ògbufọ̀. Wọ́n sọ̀kò ọ̀rọ̀ síra wọn lédè méjì títí àwọn ọmọ fi gbàgbé oúnjẹ. Nígbà tó yá, Alágbàfọ̀ fà á lọ sídìí okùn ìsáṣọ, ó sì ṣí ìsàlẹ̀ ògbólógbòó aṣọ kan hàn án. Ojú ibi tí wọ́n ti ká a tẹ́lẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, ọ̀kan lórí èkejì. Ó wá ń fi ọwọ́ wọn gíga ọmọ: kékeré, ó ga, ó tún ga. Aránṣọ lóye. Nínú ilé yìí, aṣọ ló ń dúró de ọmọ. Bí ọmọ bá ń ga, wọ́n á máa tú ìṣẹ́tí sílẹ̀. Bó bá ga jù ú lọ, wọ́n á ká a padà fún àbúrò. Ojú tì í. Ó jókòó ti obìnrin náà, wọ́n sì jọ ń lẹ aṣọ mọ́ ohun tó ti gé. Ọjọ́ náà ni Alágbàfọ̀ sọ ọ́ ní Gé-é-dànù.

Ọdọọdún ló ń padà wá látìgbà náà. Wọ́n kọ́ èdè ara wọn. Èébú ni wọ́n kọ́kọ́ mọ̀ dunjú.

Ìgbà tó yá, Káfíńtà kan ní òun fẹ́ fẹ́ Aránṣọ. Aránṣọ ò ní ìyá, kò ní ẹ̀gbọ́n. Alágbàfọ̀ ni Aránṣọ fẹ́ kó dúró bí ẹ̀gbọ́n fún òun lọ́jọ́ ìgbéyàwó, àmọ́ obìnrin náà ò fi àwọn ọmọ sílẹ̀ sùn níbòmíì rí. Aránṣọ fi èdè Alágbàfọ̀ kọ lẹ́tà láti bẹ̀ ẹ́, ó gbé e lọ lọ́dún tó kọjá, ó tún gbé e bọ̀ láìfún un. Bó bá kọ̀ ńkọ́?

Káfíńtà ní, “Ìwọ tó o bá a jà láìgbọ́ èdè, o wá ń bẹ̀rù rẹ̀ nígbà tó o gbọ́ ọ. Bó ò bá fún un lọ́tẹ̀ yìí, èmi àti lẹ́tà yẹn la máa ṣègbéyàwó.”

Aránṣọ tún lọ. Aṣọ aláràbarà tó rán fún Alágbàfọ̀ ló kọ́kọ́ fà yọ. Lẹ́tà kù sínú àpò. Alágbàfọ̀ ò wo àwọ̀ aṣọ rárá. Ìsàlẹ̀ ló yí sókè, ó fọwọ́ wọn ìṣẹ́tí rẹ̀, ó fẹ̀ bí àtẹ́lẹwọ́. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di okùn ìsáṣọ mú.

“Gé-é-dànù, èmi náà ṣì ń dàgbà ni?”

“Ẹ̀gbọ́n mi, mo fẹ́ kó pẹ́ lára yín ni.”

“Aṣọ báyìí ò bá ìdí ọpọ́n ìfọṣọ mu. Ibo ni mò ń wọ̀ ọ́ lọ?”

Ọwọ́ Aránṣọ lọ sí ẹ̀gbẹ́ àpò tí lẹ́tà wà. Alágbàfọ̀ fẹnu tọ́ka sáwọn ọmọge méjì tó ń fún aṣọ lẹ́bàá kànga, àwọn ọmọ tí òun àti Aránṣọ jọ lẹ ìṣẹ́tí aṣọ wọn nígbà kan.

“Àwọn yẹn ti mọ aṣọ í fọ̀ jù mí lọ. Bó bá jìnnà, tètè sọ, kí n mọ ẹrù tí màá dì.”

Ó nu ọṣẹ kúrò lọ́wọ́, ó na ọwọ́ náà síwájú. Aránṣọ bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín tomijé-tomijé, ó ti ọwọ́ bọ àpò, ó sì gbé lẹ́tà tó ti rún náà lé e lọ́wọ́.