Rédíò Bàbá Wọ Léèsì

"Ta ló kun rédíò bàbá mi lọ́dà?"

Ọkọ aránṣọ ò tíì bọ́ bàtà tó ti figbe ta. Aránṣọ fúnra ẹ̀ dúró sáàárín pálọ̀, búrọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́, ọ̀dà funfun nímú. Ó ti rò pé inú ọkọ ẹ̀ máa dùn ni o! Kọ́tìnnì funfun tó fọwọ́ ara ẹ̀ rán, fíríìjì funfun, fáànù funfun. Àfi rédíò onípákó yẹn, tó dúdú kirikiri lábẹ́ tẹlifíṣọ̀n tuntun bí ẹni tínú ń bí.

"Èmi ni. Ṣé kò wá bá ilé mu báyìí?"

"Bá ilé mu kẹ̀! Màámi ti wà lọ́nà! Látìgbà tí bàbá ti kú tí wọ́n ti gbé e fún wa tọ́jú, rédíò yẹn ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ béèrè tí wọ́n bá pè mí. Èmi tí wọ́n bí, ó dìgbà tí wọ́n bá rántí!"

Aránṣọ fọwọ́ kan ọ̀dà, ó ṣì tutù. Wọ́n sì ti ń kanlẹ̀kùn. Ló bá fa ègé léèsì kan yọ lábẹ́ máṣíìnì, ó fi bo rédíò.

Màámi wọlé, wọn ò tiẹ̀ jókòó.

"Rédíò dà?"

"Ẹ kọ́kọ́ mumi, Màámi." Aránṣọ ń fi ara dí wọn lójú.

"Omi ò sá lọ. Kí lẹ fi léèsì bò yẹn? Ṣé ìyàwó ni?"

Wọ́n fa léèsì. Kò kọ́kọ́ fẹ́ wá. Nígbà tó máa já, gbogbo òdòdó ara ẹ̀ ti tẹ̀ sára ọ̀dà, bí ẹni pé wọ́n dìídì yà á síbẹ̀.

Màámi yí bọ́tìnnì. Rédíò kọ́kọ́ ń ha, àfi bí ohùn ọkùnrin kan ṣe bọ́ síta, ó ń ka ìròyìn.

"Ẹ má bínú, Màámi, èmi ni mo…"

"Bínú kẹ̀? Mo bẹ bàbá yín títí pé ká kun nǹkan yìí, pé ó jọ pósí nínú pálọ̀ mi! Wọn ò gbà. Ohùn ẹ̀ ni mò ń béèrè ní tèmi, bóyá ó ṣì ń sọ̀rọ̀." Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. "Ìyàwó mi, ṣé ọ̀dà yẹn ṣẹ́ kù? Fáànù mi nílé náà fẹ́ wọ léèsì."

Aránṣọ mí kanlẹ̀. Ìgbà yẹn lọkọ ẹ̀ tó rántí bọ́ bàtà.