Mo Tọrọ Àyè Kí N Tó Jẹ́rìí Lòdì sí Alhaji

4 (ìyókù)

…torí náà kì í ṣe pé ẹ̀rù òótọ́ ló ń bà mí. Ẹ̀rù Alhaji ló ń bà mí.

Rárá o, ẹ jẹ́ n tún un sọ. Ojú Alhaji ló ń tì mí. Ẹni tó wá gbé mi ní pápákọ̀ òfuurufú Pearson ní oṣù kìíní ọdún 2016, tó bọ́ jákẹ́ẹ̀tì ara rẹ̀ wọ̀ mí, tó ní, "Jàmíù, òtútù ibí yìí ò mọ ọmọ ẹnì kankan o." Oṣù méje ni mo fi gbé basement rẹ̀, yàrá abẹ́ ilé, ní Brooklin. Òun ló kọ́ mi ní forklift, ọkọ̀ tí a fi ń gbé ẹrù sórí pẹpẹ. Ṣé irú ẹni bẹ́ẹ̀ lèèyàn ń nàka sí níwájú òyìnbó?

1

Ibí ló yẹ kí n ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ má bínú, orí mi ò pé mọ́ láti ọjọ́ Ajé.

ÌKÉDE
(lára ògiri yàrá ìjẹun, ilé ìkẹ́rùsí wa, Oshawa)

GBOGBO ÒṢÌṢẸ́.
Pẹpẹ irin tó wà ní ìlà kẹrìnlá wó ní ọjọ́ kẹta oṣù yìí. Òṣìṣẹ́ kan farapa.
Ìwádìí àkọ́kọ́ fi hàn pé òṣìṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ ló fi forklift gbá ẹsẹ̀ pẹpẹ.
Ìgbẹ́jọ́: Ọjọ́bọ̀, aago mẹ́wàá àárọ̀, ọ́fíìsì àgbà, Meadowvale.

Ẹnì kan ti fi báírò kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀: IRỌ́.

Èmi kọ́ o. Ó wù mí kó jẹ́ èmi.

2

"Òṣìṣẹ́ kan" lórúkọ. Hameedah ni. Ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún, akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì, ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀ ló ń wá bá wa ṣiṣẹ́. Egungun itan rẹ̀ ṣẹ́ síbi méjì.

WhatsApp, ọjọ́ Ìṣẹ́gun:

HAMEEDAH: Uncle Jàmíù, ẹ kú iṣẹ́ o
HAMEEDAH: Wọ́n ní èmi ni mo gbá a. Wallahi mi ò fara kàn án
HAMEEDAH: Wọ́n ní tó bá jẹ́ ẹ̀bi mi, iṣẹ́ ti parí nìyẹn, wọ́n á sì kọ ọ́ sínú ìwé mi. Ta ló máa gbà mí síṣẹ́ mọ́?
HAMEEDAH: Uncle, ẹ̀yin ni aṣojú wa lórí ààbò. Ṣé ẹ ò rí nǹkan kan ṣáájú ni?

Àmì búlúù méjì. Ó mọ̀ pé mo ti kà á.

3

Ohun tí mo rí ṣáájú:

— Ẹsẹ̀ pẹpẹ ìlà kẹrìnlá ti tẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko kó tó wó.
— Ní gbogbo ọjọ́ Ajé, Alhaji Gàníyù, ọ̀gá wa, ló yẹ kó rìn yí gbogbo ìlà ká, kó tan tọ́ọ̀ṣì sí ẹsẹ̀ pẹpẹ kọ̀ọ̀kan, kó wá fọwọ́ sí ìwé.
— Orúnkún Alhaji ti bàjẹ́. Ó ti tó ọdún kan tó ti ń jókòó sí ọ́fíìsì fọwọ́ sí i.
— Mo mọ̀.
— Ó ku oṣù mọ́kànlá kó fẹ̀yìn tì.

3 (ẹ̀rí)

ÌWÉ ÀYẸ̀WÒ ỌJỌ́ AJÉ
Ìlà 12 . . . . . ó dáa ✓
Ìlà 13 . . . . . ó dáa ✓
Ìlà 14 . . . . . ó dáa ✓
Ẹni tó yẹ̀ ẹ́ wò: A. Gàníyù
A bẹ̀rẹ̀: 7:05. A parí: 7:06.

Ogójì ìlà ní ìṣẹ́jú kan. Ẹni tí orúnkún rẹ̀ dá ṣáṣá gan-an kò lè sá a.

3 (àtúnkọ)

Ẹ má rò pé mi ò sọ fún un o! Mo sọ. Mo ní, "Alhaji, ẹsẹ̀ pẹpẹ yẹn ti tẹ̀. Ó léwu. Ẹ jẹ́ ká ti ìlà yẹn pa lónìí."

3 (àtúnkọ kejì)

Irọ́ ni.

Bí mo ṣe sọ ọ́ nìyí. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì rẹ̀, mo ṣí fìlà, mo ní, "Alhaji, ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú làálàá. Kò sí wàhálà kankan o. Tẹ́ ẹ bá ráyè lọ́jọ́ kan, ẹ bá wa yọjú wo ìlà kẹrìnlá. Kò kánjú o, sà."

Ó ní, "A máa wò ó, in sha Allah."

Kò kánjú! Ẹnu èmi Jàmíù ló sọ pé kò kánjú. Fọ́ọ̀mù wà lọ́wọ́ mi tó yẹ kí n kọ ránṣẹ́ sí Meadowvale lọ́jọ́ náà gan-an. Ṣùgbọ́n ta ló ń kọ̀wé fẹjọ́ bàbá rẹ̀ sùn? Mo bọ̀wọ̀ fún àgbà títí ọmọ ọlọ́mọ fi ṣẹ́ nítan.

5

Ẹni tó bá mọ ohun tó yẹ kí n ṣe, kó pè mí. (Ẹ má pè.)

6

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, yàrá ìjẹun. Èmi àti Venkat tó ń di ẹrù ní ẹ̀ka kejì. Òyìnbó la sọ. Yorùbá rẹ̀ tèmi ni.

VENKAT: O ò jẹun.
ÈMI: Oúnjẹ ò lọ lọ́fun mi.
VENKAT: Torí Ọjọ́bọ̀ ni. Gbogbo wa mọ̀. Ìyá mi àgbà máa ń pa ìtàn ogun kan fún wa, ogun àtijọ́ tiwa. Ọmọ ẹ̀gbọ́n àti ọmọ àbúrò ló ń bára wọn jà. Wọ́n ti tò tán, ó ku kí wọ́n kọlu ara wọn. Ni jagunjagun kan bá wo ọ̀hún, ó rí olùkọ́ tó kọ́ ọ ní ọfà títa, ó rí bàbá àgbà tó tọ́ ọ dàgbà. Ọrun já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.
ÈMI: Ó sá lọ.
VENKAT: Kò sá. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣe nǹkan kan. Ó bọ́ ẹ̀wù ogun, ó kó ohun ìjà sílẹ̀, ó fẹsẹ̀ rìn la pápá já, ó lọ bá àwọn ọ̀tá. Àwọn èèyàn rẹ̀ ń pariwo pé ó ti lọ túúbá.
ÈMI: Kí ló lọ ṣe?
VENKAT: Ó fọwọ́ kan ẹsẹ̀ àwọn àgbà tó fẹ́ bá jà. Ó ní, ẹ fún mi láyè kí n bá yín jà.
ÈMI: Háà! Wọ́n fún un?
VENKAT: Bàbá àgbà ní, ká ní o ò wá ni, ǹ bá ṣépè fún ọ. Lọ, wàá borí. Àmọ́ oúnjẹ àwọn èèyàn yìí ni mò ń jẹ. Tí ìjà bá bẹ̀rẹ̀, mi ò ní wojú rẹ.
ÈMI: Irú ìtàn wo nìyẹn?
VENKAT: Ìtàn ìyá àgbà. Ṣé o ò ní jẹ dòdò yẹn ni?

7

Ìyàwó mi, Hàlímátù, nọ́ọ̀sì ni. Kì í fi ọ̀rọ̀ bọ omi tútù kó tó sọ ọ́.

— Brooklin kẹ̀? Láti lọ ṣe kí ni?
— Láti lọ dọ̀bálẹ̀ fún Alhaji.
— Alhaji wo? Èyí tó lé ọkọ àbúrò rẹ̀ jáde nílé lọ́jọ́ Iléyá nítorí pé ó dọ̀bálẹ̀? Tó ní Ọlọ́run nìkan là ń wólẹ̀ fún?
— Òun náà ni.
— Jàmíù, tó o bá fẹ́ sọ òótọ́, lọ sọ ọ́. Tó ò bá fẹ́ sọ ọ́, jókòó sílé. Èwo ni ká máa tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹni téèyàn fẹ́ tì ṣubú?

Òótọ́ ló sọ. Mo wọ bàtà.

8

Bí mo bá dákẹ́: Hameedah.

Bí mo bá sọ̀rọ̀: Alhaji. Àti èmi náà, ẹ má gbàgbé.

9

Ọjọ́rú, lẹ́yìn ìrun Àsárì. Pálọ̀ Alhaji, Brooklin. Ó ń fi òróró pa orúnkún. Kí n tó kí i tán, mo ti na gbọọrọ sílẹ̀.

ALHAJI: Subhanallah! Jàmíù! Ta lo ń dọ̀bálẹ̀ fún?
ÈMI: Ẹ̀yin ni.
ALHAJI: Mo ti sọ fún gbogbo yín pé mi ò fẹ́ ẹ! Dìde!
ÈMI: Mi ò ní dìde títí ẹ ó fi gbọ́ mi. Wọ́n máa bi mí lọ́la. Màá sọ pé ẹ kì í rìn yẹ àwọn pẹpẹ wò. Màá sọ pé mo sọ fún yín. Màá sọ bí mo ṣe sọ ọ́. Mo wá tọrọ àyè ni, sà.

(Kápẹ́ẹ̀tì ń yún mi nímú.)

ALHAJI: Ta ló kọ́ ẹ nírú èyí?
ÈMI: Ìyá àgbà Venkat.
ALHAJI: Ọmọ yẹn ò mọ bí wọ́n ṣe ń dákẹ́. (Ó mí kanlẹ̀.) Ká ní o ò wá, tó jẹ́ pé iwájú wọn ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ, mi ò ní dárí jì ẹ́ láéláé. Mo yọ̀ǹda ẹ. Kí Ọlọ́run fọ̀rọ̀ sí ẹ lẹ́nu.
ÈMI: Ẹ ṣé, Alhaji.
ALHAJI: Má tíì dúpẹ́. Ọdún méjìlélógún ni mo ti ń jẹun níbẹ̀. Kídìnrín ìyá àwọn ọmọ ò ṣiṣẹ́ mọ́, o mọ̀, orúkọ mi níbi iṣẹ́ la sì fi ń gba oògùn rẹ̀. Tó o bá sọ tìẹ tán, èmi náà á dìde, màá ní irọ́ lo pa. Màá sọ ọ́ dáadáa. Wọ́n á gbà mí gbọ́, torí orí mi ti hewú.
ÈMI: Alhaji…
ALHAJI: Ṣé o ti jẹun?

Mo jẹ ẹ̀bà nílé ẹni tí mo fẹ́ bá jà. Ó mú ẹran tirẹ̀, ó fi kún tèmi. Inú mi bàjẹ́ gan-an, mo sì jẹ ẹ́ tán.

10

WhatsApp, Ọjọ́rú:

ÈMI: Hameedah, mo rí nǹkan ṣáájú. Màá sọ ọ́ lọ́la
HAMEEDAH: Ọlọ́run á san yín lẹ́san rere Uncle
HAMEEDAH: Ṣùgbọ́n Uncle, kí ló dé tẹ́ ẹ ò sọ ọ́ nígbà yẹn?



10½

Ọjọ́bọ̀. Mo wọ ọkọ̀ ojú irin ní Oshawa. Ó dúró ní Whitby, nítòsí Brooklin, Alhaji wọlé. Àga ṣófo káàkiri. Ó wá jókòó tì mí.

11

ÀKỌSÍLẸ̀ ÌGBẸ́JỌ́, Meadowvale
(Ẹ̀dà tí wọ́n fún mi. Èmi ni mo túmọ̀ rẹ̀.)

AGBẸJỌ́RÒ ILÉEṢẸ́: Ṣé ẹ máa ń rí Ọ̀gbẹ́ni Gàníyù tó ń yẹ àwọn pẹpẹ wò?
JÀMÍÙ: Rárá. Ó ti tó ọdún kan.
AGBẸJỌ́RÒ: Ṣé ẹ sọ fún un pé ìlà kẹrìnlá léwu?
JÀMÍÙ: Mo ní kó bá wa wò ó. Mo ní kò kánjú.
AGBẸJỌ́RÒ: Ẹ mọ̀ pé ó léwu, ẹ wá ní kò kánjú?
JÀMÍÙ: Àgbà ni wọ́n.
AGBẸJỌ́RÒ: Kò yé mi.
JÀMÍÙ: Mo mọ̀ pé kò ní yé yín. Ẹ̀bi mi wà níbẹ̀. Ẹ kọ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀bi Hameedah ò sí níbẹ̀.
AGBẸJỌ́RÒ: Ọ̀gbẹ́ni Gàníyù?
GÀNÍYÙ: Gbogbo ọjọ́ Ajé ni mo ń rìn ín. Kò sọ nǹkan kan fún mi. Irọ́ ló pa.
AGBẸJỌ́RÒ: Ṣé ìjà wà láàárín yín ni?
GÀNÍYÙ: Kò sí. Ọmọ dáadáa ni.
AGBẸJỌ́RÒ: Ọmọ dáadáa tó ń parọ́ mọ́ yín?
GÀNÍYÙ: Bẹ́ẹ̀ ni.
AGBẸJỌ́RÒ: Ẹ ó gbọ́ ìdájọ́ láàárín ọjọ́ mẹ́wàá.

12

Èyí ò ní àkọsílẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹnu mi nìkan ni. Mo sì ti parọ́ fún yín lẹ́ẹ̀kan.

Àkókò ìrun Àìlà ti tó. Mo rí Alhaji nínú yàrá ìpàdé kan tó ṣófo. Ó ti tẹ́ ẹní. Mi ò mọ̀ bóyá kí n wọlé. Ṣé mo lè kírun lẹ́yìn ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pè mí ní òpùrọ́, tó sì mọ̀ pé mi ò purọ́? Inú ń bí mi. Àánú rẹ̀ ń ṣe mí. Mi ò mọ èyí tí mo fẹ́ gbé lé èkejì.

Ó fa àga kan nítorí orúnkún rẹ̀. Apá ọ̀tún ló gbé e sí, sẹ́yìn díẹ̀, níbi tí ẹni tó ń tẹ̀ lé lèmọ́mù máa ń wà.

ALHAJI: Ṣé o ní àlùwàlá?
ÈMI: Bẹ́ẹ̀ ni, sà.
ALHAJI: Bọ́ síwájú.
ÈMI: Èmi kẹ̀? Lójú yín?
ALHAJI: Mo ní bọ́ síwájú, Jàmíù. Mi ò lè ṣáájú ẹnikẹ́ni lónìí.

Kò sí ẹlòmíràn nínú yàrá náà. Agbẹjọ́rò wà ní òdìkejì ògiri, ó ń to ìwé rẹ̀ sínú àpò. Mo lè sáré lọ bá a. Kí ni màá ní Alhaji sọ? Pé ó ní kí òpùrọ́ ṣáájú òun nínú ìrun?

Mo bọ́ síwájú. Mo gbé ọwọ́ méjèèjì sókè. Mo ní *Allahu akbar*.

Ìgbà yẹn ni mo gbọ́ tí Alhaji bú sẹ́kún lẹ́yìn mi.

Ìrun ti bẹ̀rẹ̀. Mi ò lè yíjú.