Igi Tútù Nínú Kíṣíìnì Bàbá Adétóyè

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí: inú Kamaldeen káfíńtà kò dùn tó báyẹn rí láyé. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí òjò ṣú, Susannah, ọmọ ọ̀gá rẹ̀ àtijọ́, wọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ nítòsí ojú irin, ó na fóònù sí i. Àwòrán kíṣíìnì kan ló wà nínú rẹ̀, gbogbo kábínẹ́ẹ̀tì ibẹ̀ dúdú, ó ń dán.

"Bọ̀ọ̀dá Kamal, irú èyí ni mo fẹ́ ṣe fún Daddy. Wọ́n máa pé ọgọ́rin ọdún nínú oṣù kìn-ín-ní. Gbogbo Ọ̀fà ló ní ẹ̀yin lẹ mọ fáníìṣì dúdú yẹn ṣe jù."

"Ẹ ṣeun, Àǹtí. Ṣé Daddy mọ̀ pé èmi lẹ fẹ́ gbé e fún?"

"Wọ́n mọ̀. Wọ́n ní kò burú."

Kò burú kẹ̀! Kamaldeen rẹ́rìn-ín, ó ní òun á ṣe é. Ẹ̀rín yẹn kò dénú. Ìlọrin ni Susannah ti ń ṣe tíṣà tipẹ́. Kò sí nílé lọ́jọ́ tí bàbá rẹ̀ dójú ti ọkùnrin yìí.

Bàbá Adétóyè ló kọ́ Kamaldeen níṣẹ́. Nígbà tó kù díẹ̀ kó kọ́ṣẹ́ tán, òun làwọn oníbàárà ń béèrè dípò ọ̀gá, ọ̀gá sì ń jowú. Ọjọ́ fírídọ̀ọ̀mù pé, ọjọ́ tí ọ̀gá máa ń gbàdúrà lé ọmọṣẹ́ lórí lójú ẹgbẹ́ káfíńtà, tó máa dá a sílẹ̀ kó lọ máa ṣe tiẹ̀. Ìyá Kamaldeen ti se ìrẹsì, wọ́n ti ta kánópì. Bàbá yìí dìde, ó ní, "Ọmọ yìí ò tíì mọṣẹ́. Mi ò dá a sílẹ̀." Ó dé fìlà rẹ̀, ó bá tiẹ̀ lọ.

Ìyá Kamaldeen ru ìkòkò ìrẹsì padà sílé. Ojú tì í débi pé kò fẹ́ yọjú sí àdúgbò mọ́. Nígbà tó fẹ́ kú, ohun tó bi ọmọ rẹ̀ gbẹ̀yìn ni pé, "Ṣé wọn ò tíì dá ọ sílẹ̀ ni?" Ọ̀rọ̀ yẹn ni Kamaldeen ń jẹ, òun ló ń mu. Ó ṣí ṣọ́ọ̀bù fúnra rẹ̀ lóòótọ́, iṣẹ́ sì ń wọlé, ṣùgbọ́n tí ẹgbẹ́ bá jókòó, ẹ̀yìn pátápátá ni wọ́n ń fi í sí, láàárín àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́.

Ọjọ́ gbogbo ni tolè, ọjọ́ kan ni tolóhun. Ó kọrí sí ibi tí wọ́n ti ń la gẹdú lọ́nà Ojoku, ó fojú fo pákó tó ti gbẹ, ó ra èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ là. Káfíńtà wo ni kò mọ̀? Igi tútù máa ń ṣe jẹ́ẹ́ nígbà òjò. Tí ọyẹ́ bá dé, á ká, á là, á fa ara rẹ̀ ya kúrò lára ìṣó. Fáníìṣì dúdú ló sì máa ń bo àṣírí rẹ̀ jù.

Ohun tó ń rò nìyí: láàárín àwọn káfíńtà wọn, tí iṣẹ́ ẹnì kan bá bàjẹ́, "Ta ló kọ́ ọ?" ni wọ́n máa kọ́kọ́ bi í. Ọ̀gá lọ̀rọ̀ ń bá. Kí kábínẹ́ẹ̀tì là lójú ẹgbẹ́ lọ́jọ́ ìbí arúgbó, kí wọ́n bi òun ta ló kọ́ òun, kí òun sì naka sí i. Ó fẹ́ kí ojú tì í bó ṣe ti ìyá òun.

Ó sì ṣe é dáadáa o! Ó sá igi náà lóòrùn fẹ́ẹ́rẹ́ kí ojú rẹ̀ lè gba fáníìṣì, ó fi inú rẹ̀ sílẹ̀ ní tútù. Ó fá a, ó ha á, ó kùn ún títí èèyàn fi lè rí eyín ara rẹ̀ nínú rẹ̀.

Lọ́jọ́ tó lọ kàn án mọ́ ògiri, Bàbá Adétóyè tọ̀pá wọ kíṣíìnì. Ó fi ìka kan ilẹ̀kùn kan: kọ́, kọ́. Ó dẹtí. Ó tún kan òmíràn. Kamaldeen dá iṣẹ́ dúró, nítorí igi tútù kì í dún ketekete. Bí ẹni tí omi kún ẹnu rẹ̀ ló máa ń fọhùn.

"Ó dáa," bàbá wí. "O kú iṣẹ́. Wá bá mi ṣọjọ́ ìbí o, ẹgbẹ́ ń bọ̀ wá wo iṣẹ́ rẹ."

"Ẹ ṣé, sà."

Kamaldeen jáde, ó ń rẹ́rìn-ín sínú. Ó ní arúgbó ti dití.

Ọyẹ́ ọdún yẹn kò ṣe é fẹnu sọ. Lọ́jọ́ ìbí náà, nígbà tí bàbá àti Susannah ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, Kamaldeen ti wà nílé bàbá nínú agbádá tuntun. Susannah kó ẹgbẹ́ wọ kíṣíìnì, ló bá figbe ta. Ilẹ̀kùn kan ti ká kò, òmíràn là láti òkè délẹ̀, inú rẹ̀ funfun níbi tí fáníìṣì ò dé.

Alhaji Kabir, alága ẹgbẹ́, yíjú. "Ta ló ṣe eléyìí?"

"Èmi ni, sà."

"Ta ló kọ́ ọ?"

Ẹnu ti ń yún Kamaldeen tipẹ́! "Bàbá Adétóyè ni. Ibi tí wọ́n kọ́ mi dé nìyẹn."

Bàbá kò tilẹ̀ mira. "Èmi ni mo kọ́ ọ lóòótọ́. Ṣé mo dá a sílẹ̀?" Ó kọjú sí alága. "Alhaji, ẹ wà níbẹ̀ lọ́jọ́ fírídọ̀ọ̀mù rẹ̀. Ẹni tí ọ̀gá bá gbàdúrà fún ni ọ̀gá ń ru ẹ̀gàn rẹ̀. Kí ni mo sọ nípa eléyìí?"

"Ẹ ní kò tíì mọṣẹ́."

"Ẹ̀yin sì ń sọ lẹ́yìn mi pé owú ni mo fi ṣe é."

Alhaji ṣí fìlà. "Bàbá, ẹ má bínú. A ti ṣẹ̀ yín."

Ìbínú ò mọ̀ pé olúwa òun ò lẹ́sẹ̀ ńlẹ̀. Kamaldeen wá rí ibi tí ọ̀rọ̀ já sí. Tó bá ní òun mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni, ta ló máa tún gbéṣẹ́ fún un ní Ọ̀fà? Tó bá dákẹ́, ó di ẹni tí kò mọ igi tútù yàtọ̀ sí gbígbẹ. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi jẹ́rìí sí irọ́ tó pa ìyá rẹ̀. Ó dákẹ́.

Nígbà tí gbogbo wọn jáde lọ jẹun, bàbá fọ̀pá fà á mọ́ra.

"Mo gbọ́ ohùn igi yẹn lọ́jọ́ tó o kàn án. O mọṣẹ́, Kamal. Mo ti mọ̀ bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ fírídọ̀ọ̀mù rẹ. Ṣùgbọ́n èmi pẹ̀lú ẹ nìkan ló mọ̀ ọ́n báyìí."

Ó fọwọ́ nu ojú ibi tí ilẹ̀kùn ti là.

"Lọ jẹun. Ìrẹsì pọ̀."